Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Mẹ́ta Wó Ilé-iṣẹ́ Kasturi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí bí mo bá tún fi pamọ́ di ọ̀la, ó lè jẹ́ òun ni wọ́n máa sin mọ́ mi. Èmi Ngadimin, agbẹ́gi ará ìlú Jepara ní erékùṣù Java, ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí aláwàdà, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ sálúbàtà olórí abúlé mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí gómìnà wá kí wa, tí ọkùnrin náà sì fi ẹsẹ̀ lásán sáré lọ pàdé àlejò: èmi náà ni mo fẹ́ sọ èyí tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Lẹ́búlẹ́bú igi ogójì ọdún ló kún àyà mi. Nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti le bí pákó. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, bí mo bá kú kí wọ́n fi mí kan tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dè mí mọ́lẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Níbi tí mo ti ń wúkọ́ yẹn ni mo ti pinnu. Ìwé kíláàsì karùn-ún ni mo kà, ewúrẹ́ sì jẹ mẹ́rin nínú rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ fò ó. Òtítọ́ inú rẹ̀ ni kí ẹ má fò.

Kasturi ni mo ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ iṣẹ́ igi, Pak Wiryo, ìyẹn Bàbá Wiryo, tí Ọlọ́run ti pè. Nígbà tí a fẹ́ gba ìyọ̀ǹda, ọ̀gá ní kí kálukú wa fi igi tíìkì gbẹ́ ọ̀kín kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbẹ́ tèmi, n kò sùn, n kò jẹun, irùngbọ̀n mi gùn dé ìdodo. Ọjọ́ pé. Ọ̀gá gbé ọ̀kín Kasturi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e kọ́ sára ògiri láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ó wá gbé tèmi. Ó wo àgbàlá, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Adìẹ ta ló já wọlé o?" Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ro pé wọ́n gbọ́ ọ ní Jakarta. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Adìẹ. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di aláwàdà: mo máa ń yára fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹlòmíràn tó fi mí ṣe é. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ẹ̀rín náà ni ìlara wà, bí iná abẹ́ eérú. Ó gbóná débi pé bí ẹ bá gbé tempe, ẹ̀wà sóyà tí a máa ń dín jẹ, lé mi lórí, á dín kí ẹ tó ka mẹ́wàá. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé Kasturi kò pè mí ní Adìẹ rí, àní lẹ́ẹ̀kan. Ìbá pè mí, ǹ bá rí nǹkan dì mọ́ ọn lọ́rùn.

A dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà kan náà, tèmi lápá ọ̀tún, tiẹ̀ lápá òsì. Àwọn òyìnbó tó ń ra àga lọ́wọ́ wa pọ̀ nígbà náà bí eṣú. Nígbà tó yá, wọ́n dín kù, wọ́n tún dín kù, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Tèmi pa dé. Ti Kasturi dúró. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn náà, mo kàn kọ̀ láti mọ̀ ọ́n ni. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Kasturi máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀, Painah ìyàwó rẹ̀ á po kọfí, gbogbo òṣìṣẹ́ á jókòó. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ lọ́sẹ̀ náà á gbé e wá: ẹsẹ̀ àga tó sán, apá àga tí òdòdó ara rẹ̀ ya. Kò sí owó ìtanràn, kò sí èébú. Ìbéèrè kan ṣoṣo nípa irin ìgbẹ́gi rẹ̀ ni wọ́n máa ń bi í: "Níbo ni irin ti yẹ̀?" Onítọ̀hún á ṣàlàyé, àwọn yòókù á dá sí i, wọn á wá fi ìṣó kan nǹkan náà mọ́ ògiri kí gbogbo ojú lè máa rí i. Ògiri náà kún fún àbùkù bí ọjà. Ní tèmi, ẹni tó bá ba igi jẹ́ ló máa san án, nítorí náà kò sẹ́ni tó ba igi jẹ́ rí. Wọ́n á po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi dí ojú ibi tó sán, wọ́n á fi ọ̀dà kùn ún. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn. Nígbà tí àga mi dé ìlú òtútù, gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Wọ́n ní ọ̀kan já lábẹ́ ìyàwó dókítà kan lọ́hùn-ún, bóyá ó tiẹ̀ ṣì ń ṣubú di òní, n kò mọ̀. Gbogbo ẹrù ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n dá padà fún mi.

Ìgbà tí mo ń jókòó lásán báyìí ni Bu Retna dé. Retnaningsih lorúkọ rẹ̀ gan-an, "Bu" ni a fi ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa; olùkọ́ ni ní yunifásítì ìlú ńlá, ìwádìí bí a ti ń darí ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe. Kò dà bí àwọn tó máa ń pín ìwé ìbéèrè fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kí wọ́n fa ìlà sí bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin péré ló fẹ́ wò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ wò wọ́n dé mùdùnmúdùn egungun, fún ọdún kan àtààbọ̀, kó lè fa ẹ̀kọ́ tuntun yọ nínú wọn, ẹ̀kọ́ tí kò tíì sí nínú ìwé kankan. Mo bi í léèrè pé, "Bu, mẹ́rin péré? Ẹni tó jẹ ṣíbí ìrẹsì mẹ́rin, ṣé ó lè ní òun mọ gbogbo ìkòkò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀gbọ́n pè mí, ó ní, "Kang Min, bí ṣíbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wá láti igun mẹ́rin ìkòkò náà, tí mo sì rọra jẹ ẹ́, màá mọ ibi tó ti jóná." Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ó gbà mí kí n máa fi alùpùpù gbé e káàkiri nítorí pé mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀, mo sì mọ ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà. Orí alùpùpù ló ti kọ́ mi ní òfin iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹnu kan, afẹ́fẹ́ ni. Ẹnu méjì lè jẹ́ ìbátan. Ṣùgbọ́n bí ẹnu mẹ́ta tí kò jókòó pọ̀ bá sọ ohun kan náà, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí òun bá kọ nípa ilé-iṣẹ́ kan, òun á dá a padà fún ẹni tó ni ín kó kà á, kó tako èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, kó fi àmì ọwọ́ sí i, kó tó wọ ìwé. Òfin méjì. Bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ iwájú àti tẹ̀yìn lé olè lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ o, mo ti fọ́n fèrè káàkiri àdúgbò pé wọ́n ń fi mí kọ ìwé. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Bu Retna fi gba ohùn mi sílẹ̀ lórí bí mo ṣe darí ilé-iṣẹ́ mi. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló ń kó. Mo tiẹ̀ ti ń ronú aṣọ tí màá wọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ inú ilé tó háyà, mo sì rí bébà ńlá kan lára ògiri. Àpótí mẹ́rin ló yà sí i. Méjì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà DÚRÓ, méjì wà lábẹ́ WÓ. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nínú àpótí kan lábẹ́ WÓ ó kọ "gọ́ọ̀mù", nínú ọ̀kan lábẹ́ DÚRÓ ó kọ "ẹní", ó sì fi gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: ibí ni ẹ̀kọ́ náà ti wá. Mo ní, "Bu, ṣé èmi ni gọ́ọ̀mù?" Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Kang. Ilé-iṣẹ́ tó dúró nìkan kò lè kọ́ mi ní nǹkan kan. Mo nílò èyí tó wó, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láìsí tiyín, mi ò lè rí tiẹ̀." Ó rò pé ìtùnú ló ń ṣe fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀bẹ ló tì bọ̀ mí nínú tó sì yí i. Èmi ni òkùnkùn tí wọ́n gbé sẹ́yìn kí àtùpà Kasturi lè tàn dáadáa. Ọ̀kín rẹ̀ tún gun ògiri, adìẹ mi tún wà nílẹ̀. Mo délé, mo lu ìrọ̀rí mi títí òwú fi tán nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ burúkú náà. Mo ronú ohun tó lè pa ẹní Kasturi rẹ́ nínú ìwé, mo sì rí i: kí ó jẹ́ pé kì í ṣe ẹní ló mú un dúró rárá, igi olè ni. Kí ó jẹ́ pé tíìkì tó jí gé nínú igbó ìjọba ló ń lò, ìdí nìyí tí àga rẹ̀ kò fi wọ́n lọ́jà. Mo kàn nílò ẹnu mẹ́ta. Ẹnu kìn-ín-ní ni Darsono, agbẹ́gi tó bá Kasturi jà tó sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí kò lè fara da kí òun máa jẹ́wọ́ lórí ẹní. Sìgá oníkànáfùrù kan ṣoṣo ló ná mi. Kí n tó ṣàlàyé tán ló ti ń fi kún un. Mo ní kó dín in kù, òun tó fẹ́ kí Kasturi ti jí gbogbo igbó Java gé. Ẹnu kejì ni Jumadi awakọ̀ ẹrù. Òun kọ́kọ́ ní òun kò lè parọ́ mọ́ èèyàn dáadáa. Mo ní, "Kò burú, Jumadi ọ̀rẹ́ mi. Ìyá ìlú Kudus ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá Kudus wo?" Mo ní, "Èyí tó máa ń gbọ́únjẹ fún ẹ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fẹ́ ní kí ìyàwó rẹ nílé bá mi kí i." Ó ní, "Ngadimin, àwàdà rẹ yìí ti di nǹkan míì o." Lẹ́yìn náà ló ní, "Igi mélòó ni mo gbé?"

Ẹnu kẹta ni mo máa dáhùn fún jù níwájú Ọlọ́run. Bu Sadinem ni, ìyá arúgbó tó ń ta kọfí ní oríta, tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé bí kọfí rẹ̀ bá ṣàn á sọ fún ẹ kó tó gbé e fún ẹ. N kò ní kó purọ́. Mo kàn ń mu kọfí lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé mo ní wọ́n ní ọkọ̀ kan ń já igi sẹ́yìn ilé Kasturi. Lọ́jọ́rú mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ kò rí ọkọ̀ náà bó ṣe kọjá níwájú yín?" Ó ní ó ṣeé ṣe kí òun rí i. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì fi máa dé, ó ti ń sọ àwọ̀ ọkọ̀ náà fún mi, ó sì bínú pé mo rò pé kò rí i. Mo sọ irọ́ di ohun tí arúgbó fi ojú ara rẹ̀ rí. Nígbà tí Bu Retna jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó fi Ọlọ́run búra. Èmi tí mo wà níbẹ̀ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ara Bu Retna kò balẹ̀. Mo fi alùpùpù gbé e délé lọ́jọ́ yẹn. Ó wá ní, "Kang, ìgbà mẹ́rìnlá ni mo jẹun nílé ọkùnrin náà. Mi ò fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ohun tí ẹnu mẹ́ta sọ nítorí pé mo fẹ́ràn Kasturi, kí ni iṣẹ́ mi wúlò fún?" Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú bébà, ó kó o sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan, ó lẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n pe òun padà sí yunifásítì, kí n bá òun gbé e fún Kasturi, kó kà á, kó kọ ìdáhùn rẹ̀, kó fi àmì sí i. Ó ní, "Ohun tó bá kọ sí i ni màá tẹ̀ lé." Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Gbogbo irọ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gègé Kasturi nìkan ló tó láti wó o. Ó ní ìwé gbogbo igi tó rà, ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ. Mo gbé àpòòwé náà kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kasturi wà níta, ó ń fọ irin rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó ní, "Ngadimin, yà wá mu kọfí." Mo ní mo ń sáré. Ibi tí mo ń sáré lọ ni ilé ara mi, níbi tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo fa bébà tó kẹ́yìn yọ, tí mo sì jókòó tì í. Kasturi kì í kọ orúkọ. Ìyẹ́ ọ̀kín kékeré kan ló máa ń fín sábẹ́ gbogbo àga rẹ̀, òun náà ló máa ń yà sórí ìwé. Mo mú gègé. Ọwọ́ mi yìí, tí kò lè gbẹ́ ọ̀kín rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, lọ́jọ́ náà ló yà á láìyẹ̀, láìgbọ̀n, ìyẹ́ tó lẹ́wà débi pé mo jókòó, mo ń yin ara mi. Mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, "Mo ti kà á. N kò ní ohun kan í sọ." Bébà kan yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí Bu Retna. Ìyókù, mo ká a padà sínú àpòòwé. Adìẹ igi mi, n kò sọ ọ́ nù láti ọjọ́ yìí wá; ihò kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀; ibẹ̀ ni mo tì í bọ̀.

Bu Retna ka èsì iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ igi ní gbọ̀ngàn ìlú. Kasturi kò sí níbẹ̀, ó lọ sin bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Demak. Obìnrin náà kò dárúkọ, "ilé-iṣẹ́ kejì" ló ń pè é, ṣùgbọ́n ní Jepara, bí ẹ bá ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní, ewúrẹ́ afọ́jú á fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn yín. Ó ní òun ti rò tẹ́lẹ̀ pé ibi tí èèyàn bá ti lè sọ àṣìṣe rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń dúró, àmọ́ ẹ̀rí kò gbè é, pé ó jọ pé igi olówó pọ́ọ́kú ló mú ilé-iṣẹ́ náà dúró. Aṣojú àwọn tó ń ra àga wà níjókòó. Kò bèèrè ohunkóhun. Kò kàn padà wá mọ́ ni. Àwọn ọ̀gá mẹ́fà mìíràn tó ti fara wé Kasturi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní tiwọn, ká a nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n padà sí owó ìtanràn, òṣìṣẹ́ wọn sì padà sí gọ́ọ̀mù. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Kasturi ní. Kí ọdún tó yí, ó ku mẹ́ta. Painah ní kó lọ bá Bu Retna kó bi í léèrè. Wọ́n sọ fún mi pé ohun tó fi dá a lóhùn ni pé, "Ẹni tó jẹ oúnjẹ wa nígbà mẹ́rìnlá tó sì kọ ìyẹn nípa wa, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" Ó dákẹ́. Mo gba ìdákẹ́ rẹ̀ bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Ó dùn, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ku mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹwàá mo kọjá níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹní ṣì wà nílẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló jókòó lé e, wọ́n ń bi ara wọn níbo ni irin ti yẹ̀. Mo tún jowú wọn. Ọlọ́run ló mọ irú ẹranko tí mo jẹ́.

Sátidé tó kọjá, mo ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ síbẹ̀, èmi àti adìẹ mi. Mo ti ránṣẹ́ sí Bu Retna, ó sì wá. Mo jókòó sórí ẹní, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ikọ́ sì ń já a sí wẹ́wẹ́. Mo yọ àpòòwé náà lábẹ́ ikùn adìẹ, mo gbé e ka iwájú Kasturi. Bu Retna ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Èmi náà ní tèmi láti gbé wá. Mo ka ẹnu mẹ́ta. Mi ò bèèrè ta ló ti kọ́kọ́ dé etí wọn." Ó ní ìwé náà ti jáde, kò sí ẹni tó lè pè é padà, ṣùgbọ́n òun á kọ òmíràn, òun á fi orúkọ ara òun sábẹ́ àṣìṣe náà. Kasturi kò wò ó. Èmi ló ń wò. Mo ń retí ẹ̀ṣẹ́. Mo tiẹ̀ ti yọ eyín àtọwọ́dá mi sápò. Ó ní, "Ngadimin, níbo ni irin ti yẹ̀?" Mo rò pé màá sọ pé níbi bébà orí ògiri, tàbí níbi àpòòwé. N kò mọ ìgbà tí mo gbé adìẹ igi náà sókè, tí mo fi ìka sí ọrùn rẹ̀. Mo ní, "Níbí." Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti ṣe. Ó mú ìṣó méjì, ó kan àpòòwé mọ́ ògiri, ó sì kan adìẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn ẹsẹ̀ àga tó sán. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wá ẹni tó máa gbé ọ̀kín mi kọ́ ògiri. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Painah gbé kọfí dé. Ó fún ọkọ rẹ̀, ó fún Bu Retna, ó fún àwọn agbẹ́gi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fò mí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi Kasturi bóyá ó lè dárí jì mí kí n tó lọ. Ó ní, "Mi ò tíì lè ṣe é. Ẹní ń bẹ níbí ní gbogbo Sátidé." Painah kò yíjú sí mi, ó ń kó ife, ó ní, "Bó bá máa wá, kó mú ife tirẹ̀ dání."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá yín gbé iṣẹ́ ẹnì kejì kọ́ ògiri tó sì fi tiyín rẹ́rìn-ín: ẹ sunkún lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má rẹ́rìn-ín bíi tèmi. Gọ́ọ̀mù lẹ̀rín yẹn, yóò dí ojú ihò náà fún yín títí ẹ ó fi dé ìlú òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ káàkiri láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ bá mi wo ẹni tó ń wa alùpùpù yín dáadáa. Ní tèmi, ife kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi báyìí, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àárọ̀. Òní ni Ọjọ́bọ̀. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n rí Sátidé.